Ẹni tó fẹ́ ka ìwé ìdámọ̀ràn lówó pọ́ọ́kú, kó yẹ ẹ̀yìn aṣọ wò kó tó sanwó

Ọjà Òjé kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń fi ojú lásán ná. Ní gbogbo ọjọ́ 16 tí ọjà aṣọ òkè bá pé níbẹ̀, àwọn ahunṣọ á ti kó ẹrù dé láti Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn tó ní ìnáwó á ti dé, àwọn alágbàtà náà á ti jókòó de oníbàárà. Ẹni tó bá mọ aṣọ rà kì í torí pé ó ń dán kó wá máa ka owó. Á yí i padà, á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á fa òwú rẹ̀ wò, á béèrè bóyá àwọ̀ rẹ̀ á ṣí tómi bá kàn án. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, á ní, "Ìyá, ẹ bá mi dín in kù díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kan náà tó mọ aṣọ yẹ̀ wò báyìí, bó bá di ọ̀rọ̀ ìwé yunifásítì, ojú aṣọ nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò. Wọ́n á gbọ́ pé ibì kan wà tí owó ẹ̀ ò wọ́n, tí kò ní pẹ́ parí, tí wọn kì í fẹ̀ẹ́lì, ni wọ́n bá gbé owó àjọ lọ síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbé sáfíkéètì náà dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n á tó mọ̀ pé àwọ̀ ẹ̀ ti ṣí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìdámọ̀ràn gan-an, nítorí pé ọ̀nà tó wọ iṣẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, orúkọ tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan fi ń pè é náà sì yàtọ̀. Níbì kan, Guidance and Counselling ni. Níbòmíràn, Counselling Psychology ni. Ibòmíràn tún wà tó jẹ́ Counsellor Education. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè sanwó fún ọ̀kan kó wá rò pé òmíràn lòun rà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ nílé. Ọmọ tó ń ṣe tíṣà nílé ìwé aládàáni, tàbí tó ń bá ìyá ẹ̀ tajà, á ní, "Màámi, mo fẹ́ padà sílé ìwé o. Iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ni mo fẹ́ lọ kọ́." Ìyá á kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ìmọ̀ràn kẹ̀? Èyí tí mogàjí ń gbà wá lọ́fẹ̀ẹ́ látọjọ́ yìí wá, ṣé òun náà ni wọ́n ń gbowó ẹ̀ ní yunifásítì báyìí?" Ọmọ á ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀ o, Màámi, iṣẹ́ gidi ni." Ìyá á wá dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Ó dáa, èló ni wọ́n ń gbà?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń já sí nìyẹn: èló ni? Ìbéèrè ìyá yìí dáa, owó ò sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tó yẹ kó ṣíwájú ni pé: kí ni owó náà máa rà?

Kò sẹ́ni tó ń bẹnu àtẹ́ lu mogàjí. Bí tọkọtaya bá jà lágbo ilé, tí àbúrò bá fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí, mogàjí ní í parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mogàjí mọ bàbá ẹni, ó mọ ìyá ẹni, ó sì lè gbè sẹ́yìn ẹnì kan láìmọ̀. Olùdámọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ dé ìsọ̀ kejì. Kì í pàṣẹ fún èèyàn, ṣe ló máa ń bi í ní ìbéèrè títí tí ojú onítọ̀hún fúnra ẹ̀ á fi là sí ohun tó yẹ kó ṣe. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára òun, tó yẹ kóun darí èèyàn sọ́dọ̀ dókítà. Nǹkan tí wọ́n ń lọ kọ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹnu dídùn.

Ẹni tó bá sì rò pé iṣẹ́ àjèjì ni, kò mọ ìtàn Ìbàdàn ni. Ìlú yìí gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1959, àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, St. Theresa's College l'Ókè-Àdó, wo àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ìwé mẹ́wàá, wọ́n rí i pé wọn ò mọ irú iṣẹ́ tó wà níta. Wọ́n bá pe nǹkan bí 20 èèyàn tó mọ oríṣiríṣi iṣẹ́, pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ọmọ 60 ló wà nínú kíláàsì yẹn. Ìtàn tí wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí títí dòní ni pé 54 nínú wọn ló ríṣẹ́ nígbà tí wọ́n jáde. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1908 ni Frank Parsons ti dá irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Boston fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́. Ìbàdàn fi nǹkan bí 50 ọdún tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ìgbà tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, gbogbo Nàìjíríà ló tẹ̀lé e. Lọ́dún 1976, àwọn olùdámọ̀ràn dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di 1977, ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ náà sínú ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Ọ̀nà Òjé sí Òkè-Àdó ò jìn. Ẹ̀yìnkùlé ẹni ni iṣẹ́ yìí ti hù.

Ó wá kan ẹ̀yìn aṣọ tó yẹ kí èèyàn yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni pé: iṣẹ́ wo gan-an lèèyàn fẹ́ ṣe? Ilẹ̀kùn méjì ló wà ní yunifásítì. Èkíní ni Guidance and Counselling, èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, ìyẹn Faculty of Education. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ jáde lè ṣe tíṣà, ó lè ṣe olùdámọ̀ràn nílé ìwé, ó sì lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kejì ni Psychology, tó máa ń wà lábẹ́ Social Sciences. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ jáde mọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ṣe tíṣà tí ìjọba mọ̀, àfi kó tún lọ gba PGDE. Bó bá sì fẹ́ máa jókòó ti aláìsàn nílé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bíi sáíkọ́lọ́jísì, B.Sc. nìkan ò tó, ìyẹn ń béèrè Master's àti ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn.

Àwọn tó ń fún èèyàn lóògùn ọpọlọ, ọ̀tọ̀ ni tiwọn, dókítà ni wọ́n. Irú wọn ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, tí orúkọ ẹ̀ mọ́ ilé ìwòsàn Aro l'Ábẹ́òkúta láti ọdún 1954. Ọkùnrin yìí ló fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, tó sì jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá òun ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé ló wá wo bó ṣe ṣe é. Òun náà padà ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣègùn ló kọ́kọ́ kà. Ọmọ tó bá lóun fẹ́ dà bíi Lambo, tó wá lọ gba fọ́ọ̀mù Guidance and Counselling, ti ṣi mọ́tò wọ̀ nìyẹn.

Ìkejì: ta ló fọwọ́ sí i? Àjọ NUC, tó ti wà láti ọdún 1962, ló ń yẹ yunifásítì wò ní Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe orúkọ yunifásítì nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ́ọ̀sì tó bá yege dáadáa, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fún un. Èyí tó bá ku díẹ̀ káàtó, ọdún méjì péré ni, pé kí wọ́n lọ tún un ṣe. Èyí tó bá já, wọn ò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun síbẹ̀ mọ́. Torí náà, yunifásítì lè lórúkọ, kó gbajúmọ̀, kó ní géètì ńlá, kí kọ́ọ̀sì ìdámọ̀ràn ibẹ̀ má yege. NUC máa ń gbé orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì tó fọwọ́ sí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wò, kó fún ọmọ tàbí àbúrò ní fóònù kó bá a wò ó. Kò gbówó, ó sì lè gba èèyàn lọ́wọ́ ọdún mẹ́rin tó ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ Kùtọnu ṣì wà létí ọ̀pọ̀ èèyàn. Akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fara pamọ́ ṣe ìwádìí, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó ti gba dígírì ilé ìwé kan níbẹ̀, dígírì tó yẹ kí èèyàn fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kà. Ó tún fi ìwé náà ṣe àgùnbánirọ̀ ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, ni ìròyìn náà jáde. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n dá gbogbo ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò dúró ná. Nínú ọdún 2024 yẹn náà ni ìjọba wá sọ pé yunifásítì mẹ́jọ péré lòun mọ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Tógò. Ẹ wo àwọn tó jókòó ka ìwé wọn ní tòótọ́ níbẹ̀, tí wọ́n tọrùn bọ wàhálà tí wọn ò dá. Ẹni tó ra ìwé àti ẹni tó ka ìwé, òjò kan náà ló pa wọ́n. Ohun tí wọ́n fi dín owó kù ló wá di gbèsè.

Kùtọnu nìkan sì kọ́. Ṣebí ọdún 2001 nìjọba ní kí wọ́n ti àwọn kámpọ́ọ̀sì àdúgbò pa, àwọn tí yunifásítì ìlú òkèèrè ń ṣí sínú ilé alájà méjì káàkiri ìgboro. Bí ẹnikẹ́ni bá tún wá sọ fún ará Òjé lónìí pé yunifásítì kan tó wà ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà ní "ẹ̀ka" sí ẹ̀yìn ilé epo, kó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà fúnra ẹ̀ kó tó ná kọ́bọ̀.

Ìkẹta ni owó, ọ̀rọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n owó tí ilé ìwé kọ sínú ìwé kọ́ ni gbogbo owó. Owó fọ́ọ̀mù wà, owó ìgbàwọlé wà, owó ẹ̀ka wà, owó ìwé wà, owó títẹ iṣẹ́ ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ wà, owó mọ́tò wà, owó ilé sì wà fún ẹni tó bá máa kúrò nílé. Èyí tó tún ju gbogbo ẹ̀ lọ ni owó tí èèyàn ò ní rí mọ́ tó bá ti ìsọ̀ pa tàbí tó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àpẹẹrẹ lásán ṣe ìṣirò ẹ̀. Ká ní ilé ìwé kan ní ìlú òkèèrè ń gba 100,000 náírà lọ́dún. Ìkejì wà n'Ìbàdàn tó ń gba 180,000, ṣùgbọ́n tó fàyè gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti máa kàwé látilé. Ojú lásán á ní ti àkọ́kọ́ ló pọ́ọ́kú. Ó dáa. Ní ti àkọ́kọ́, yàrá á gba 120,000 lọ́dún, owó mọ́tò lọ-bọ̀ á gba 60,000. Àpapọ̀ jẹ́ 280,000 lọ́dún, lọ́nà ọdún mẹ́rin, ó di 1,120,000. Ní ti ìkejì, owó mọ́tò láàárín ìgboro á gba 50,000, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 230,000 lọ́dún. Ká tiẹ̀ ní ó gùn tó ọdún márùn-ún, 1,150,000 ni gbogbo ẹ̀. 30,000 náírà péré ló fi ju ara wọn lọ! Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí ìlú òkèèrè ti pa ìsọ̀ tì fún ọdún mẹ́rin, ẹni tó wà nílé ń tajà bọ̀. Èwo ló wá wọ́n nínú méjèèjì?

Àkókò náà owó ni. Lọ́dún 2020, láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá làwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì. Lọ́dún 2022, ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14, oṣù Kejì, ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá ló tó dáwọ́ dúró, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹni tó gba ilé sítòsí ilé ìwé tó ti jìnnà sílé, tó sì ń san owó ilé lóṣooṣù, ó mọ ohun tí ìyẹn gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìṣirò owó ilé ìwé ìjọba, kó fi àyè ìyanṣẹ́lódì sílẹ̀ nínú ẹ̀.

Fún ará Òjé, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba tàbí Mapó, ibi tó sún mọ́ jù ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948, ní ilẹ̀kùn méjèèjì. Ẹ̀ka Counselling and Human Development Studies wà lábẹ́ Faculty of Education, Psychology sì wà lábẹ́ Social Sciences. Yunifásítì náà tún ní ètò fún àwọn tó fẹ́ máa kàwé látilé, tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1988, èyí tí wọ́n ń pè ní Distance Learning Centre báyìí. Ètò yìí wà fún ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó lọ́kọ, tó bímọ, tí kò lè wà lórí àga kíláàsì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà: lábẹ́ ètò tọ̀sán-tòru ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní àwọn kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń ka dígírì àkọ́kọ́, àwọn owó mìíràn ni wọ́n ń gbà. Lábẹ́ ètò kíkà látilé, owó ìkẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀.

Bí Ìbàdàn ò bá gbà á, ibòmíràn ṣì wà nílẹ̀ Yorùbá. Ilé ìwé Tai Solarin n'Íjẹ̀bú-Òde, tó di yunifásítì ẹ̀kọ́ lọ́dún 2005, tó sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2025, ní ẹ̀ka Counselling Psychology. Yunifásítì Ìlọrin ní Counsellor Education. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀ náà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí lábẹ́ Faculty of Education. Yunifásítì ẹ̀kọ́ Emmanuel Alayande wà l'Ọ́yọ̀ọ́, kò sì jìnnà. NOUN tún wà, yunifásítì tí wọ́n ṣòfin ẹ̀ lọ́dún 1983, tí ìjọba ológun tì pa lọ́dún 1984, tí wọ́n wá jí dìde lọ́dún 2002. Ó ní ibùdó ìkàwé káàkiri. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kó rí i dájú pé kọ́ọ̀sì tóun fẹ́ gan-an wà nínú èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ́dún tóun fẹ́ wọlé, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ tún wà fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde, ìwé pé kó má lọ ni NYSC máa fún un, ìyẹn ò pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 22 tó fẹ́ gba ètò tí kì í ṣe tọ̀sán-tòru, kó béèrè dáadáa lọ́wọ́ ilé ìwé kó tó sanwó, pé ìwé wo gan-an ni NYSC máa fún òun nígbà tóun bá jáde. Àwọn agbaniṣíṣẹ́ kan máa ń wo ìwé yìí ju ìwé dígírì fúnra ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ti ní ìwé kan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gbàgbé pé kò pọn dandan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Tíṣà tó ti ní NCE lè gba ọ̀nà Direct Entry wọ ọdún kejì, kó sì fi ọdún mẹ́ta parí dípò mẹ́rin. Ọdún kan tó yọ níbẹ̀, owó ọdún kan ni. Ẹni tó ti ní dígírì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, bó jẹ́ ti ìṣirò owó tàbí ti ìtàn, lè ṣe PGDE kó tó wá ṣe M.Ed. nínú ìdámọ̀ràn. Ṣé ẹ wá rí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ti ní B.A., tí wọ́n ní kó tún lọ jókòó ọdún mẹ́rin gba dígírì tuntun? Ẹni tó gbà á nímọ̀ràn yẹn ló yẹ kó lọ kọ́ṣẹ́ ìdámọ̀ràn!

Owó ò sí, wọ́n ní owó ò sí. Láti ọdún 2024, ètò ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, ti bẹ̀rẹ̀. Tinubu fọwọ́ sí òfin rẹ̀ lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún náà. Kò ní èlé. Ọ̀dọ̀ ilé ìwé tààrà ni wọ́n ń sanwó ẹ̀kọ́ sí, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀, 20,000 náírà lóṣù ni wọ́n là kalẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè owó ìjẹun. Ìgbà tí èèyàn bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí ọdún méjì ti kọjá lórí ẹ̀, tó sì ti ríṣẹ́, ni wọ́n á tó máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ẹ̀. Ilé ìwé ìjọba ni ètò náà wà fún, kì í ṣe ti aládàáni. Èyí wà nínú ìdí tí owó kékeré aládàáni fi lè wá wọ́n ju owó ńlá ìjọba lọ.

Àwọn kan á ní àwọn ò fẹ́ ti Nàìjíríà, ti Amẹ́ríkà orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn fẹ́. Kò burú, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ilé ìwé tó ń gba 1,000 dọ́là, nǹkan bíi 460,000 náírà ni lójú báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ọdún 2023. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti lé ní 1,500,000. Ilé ìwé ò fi kọ́bọ̀ kún owó ẹ̀ o, náírà ló wó lulẹ̀. Ẹni tó ń fojú sí ìlú ọba náà, kó mọ̀ pé ní Bìrìtéènì, òfin ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti pe ara ẹ̀ ní "counsellor", ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ara ẹ̀ ní "counselling psychologist" láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ HCPC. Ìwé tó kúrú tí wọ́n ń tà lórí fóònù ò lè gbé èèyàn débẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ̀yìn aṣọ tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí yẹ̀ wò: níbo ni wọ́n ti máa fi ọwọ́ kọ́ ọmọ níṣẹ́? Ìdámọ̀ràn kì í ṣe iṣẹ́ inú ìwé nìkan. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó pẹ̀lú èèyàn gidi tó níṣòro gidi, kí ọ̀gá tó mọṣẹ́ máa wo bó ṣe ń ṣe é, kó sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Ilé ìwé tí kò bá lè dárúkọ ibi tó ń rán àwọn ọmọ ẹ̀ lọ, kí èèyàn fura sí i. Ìgboro Ìbàdàn ò sì ní ìyà irú ibi bẹ́ẹ̀. Adéọ̀yọ́ wà ní Yemetù, UCH tó ti wà níbi tó wà láti ọdún 1957 kò jìnnà sí Òjé, ọgbà ẹ̀wọ̀n wà l'Ágodi, ilé ìwé gírámà sì pọ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ó wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ti parí kọ́ọ̀sì náà lọ, kó kí wọn dáadáa, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe báyìí? Ọdún mélòó lẹ fi kà á?" Wákàtí kan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sàn ju ìwé ìpolówó ọgọ́rùn-ún lọ.

Kí wọ́n má sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Iṣẹ́ yìí kì í sọni di olówó lálẹ́ ọjọ́ kan. Ilé ìwé wà tó jẹ́ pé wọ́n á gba èèyàn gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, wọ́n á tún kó kíláàsì márùn-ún fún un pé kó máa kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ní tán. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2023, Nàìjíríà ṣòfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, wọ́n fi rọ́pò òfin àtijọ́ tó ti wà látayé àwọn òyìnbó, èyí tó ń pe aláìsàn ní wèrè lójú òfin. Àwọn ilé ìwé ń wá ẹni tó máa bá ọmọ tó ń mu oògùn olóró sọ̀rọ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ń wá ẹni tó máa jókòó ti aláìsàn tí ẹ̀rù ń bà. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń wá ẹni tó máa bá àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó sọ òótọ́. Ẹni tó bá ní ìwé tó dájú, tó sì mọṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i.

Òun ló fà á tí ìwé ayédèrú fi burú nínú iṣẹ́ yìí ju nínú iṣẹ́ mìíràn lọ. Télọ̀ tí kò kọ́ṣẹ́, aṣọ ló máa bàjẹ́, wọ́n á sì ra òmíràn. Olùdámọ̀ràn tí kò kọ́ṣẹ́, ọmọ ẹni tó ti gbé májèlé sọ́wọ́ ni wọ́n máa gbé wá bá a lọ́jọ́ kan, kò sì ní mọ ohun tó yẹ kó sọ, kò ní mọ ohun tí kò yẹ kó sọ, kò sì ní mọ ẹni tó yẹ kó sáré ké sí. Ọjọ́ yẹn ni owó tó fi pamọ́ nídìí ìwé olówó pọ́ọ́kú máa hàn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó fẹ́ di irú àgbà bẹ́ẹ̀, kó béèrè iṣẹ́ tóun fẹ́ ṣe, kó béèrè bóyá NUC fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà, kó béèrè iye tí gbogbo owó máa jẹ́ títí dọjọ́ tó máa jáde, kó béèrè ibi tí wọ́n ti máa fọwọ́ kọ́ òun níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kó wá béèrè ìbéèrè ìyá: ṣé wọ́n lè dín in kù? Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó sanwó tán kó tó béèrè ló ń ṣìnà.